Àsíá ìsìnkú orí ọkọ̀: ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni ká fi dán an wò

Bí ọkọ̀ òkú bá ti lọ jìnnà, ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kò lè mọ̀ pé ìsìnkú ló ń kọjá. Ọkọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìtò ló máa rí, èyí tí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó rí àyè, ó kó sí i. Àwọn ẹbí á ní aláìmọ̀wọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Iṣẹ́ tí àsíá ìsìnkú wà fún gan-an nìyẹn: kí àjèjì mọ ohun tó ń kọjá, kó mọ orí rẹ̀, kó sì mọ ìrù rẹ̀. Ìrù yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, òun la sì fi yẹ oríṣi mẹ́rin tó wọ́pọ̀ wò: àsíá olóòfà, àsíá tí wọ́n ń há sí gíláàsì, páálí inú wínsíkírììnì, àti iná olómi ọsàn tó ń ṣẹ́jú lórí òrùlé ọkọ̀.

Àsíá olóòfà ló dáa jù nínú àwọn aláṣọ. Ìdí rẹ̀ jẹ́ òòfà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rọ́bà bò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé tẹ̀ dúró lé e, aṣọ wà lókè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “ÌSÌNKÚ” lójú méjèèjì. Ká gbé e lé ọkọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é sódì. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí ẹ fẹ́ gbé e lé, kí ẹ sì nu ìdí òòfà náà pẹ̀lú. Iyanrìn bíńtín tó bá há sáàárín á ha ọ̀dà ọkọ̀, á sì jẹ́ kí òòfà máa yọ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ tààrà, ẹ má wọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, etí kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ fi ìka kan ti orí ọ̀pá náà: tí ọ̀pá bá tẹ̀ tí ìdí ò sì kúrò lójú kan, ó ti dára. Tí ìdí bá yọ̀, ẹ wá ibòmíràn gbé e sí.

Àléébù rẹ̀ ni pé irin nìkan ni òòfà mọ̀. Kò ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, kò ní lẹ̀ mọ́ ike, kò ní lẹ̀ mọ́ òrùlé onígíláàsì. Ọkọ̀ mìíràn wà tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ alumíníọ̀mù, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ ti fi òòfà kékeré kan kan àwọn ọkọ̀ náà wò láti ọjọ́ tó ṣáájú. Àárọ̀ ìsìnkú kọ́ ni ká tó wá mọ̀ pé àsíá mẹ́fà ò ríbi dúró.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Tí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti àsíá á di ìlọ́po mẹ́rin. Àsíá tó dúró digbí ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan lè fò lọ ní 80. Àwọn kan á ní ta ló ń sáré tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òkú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni! Tí ẹni iwájú bá dẹsẹ̀ díẹ̀, ìtò á sún mọ́ra. Tó bá tún ki eré bọ̀ ọ́, ìtò á fà gùn, ẹni ìkẹyìn á sì máa sáré tete kó lè bá wọn. Ọkọ̀ tó nílò àsíá jù ni afẹ́fẹ́ ń fìyà jẹ jù. Àsíá tó bá sì já bọ́ lójú eré, tòun ti òòfà ìdí rẹ̀, ó lè fọ́ wínsíkírììnì ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí àsíá tó máa tún èyí ṣe. Awakọ̀ iwájú ló máa tún un ṣe, kó di eré kan ṣoṣo mú, kó sì fún àwọn ẹ̀yìn láyè láti gbéra tán lẹ́yìn oríta kọ̀ọ̀kan kó tó fi kún un. Wọ́kì-tọ́kì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wúlò níbí ju fóònù lọ.

Èyí tí wọ́n ń há sí etí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kò wù wá. Gíláàsì ò ní lè pa dé tán, òjò á máa wọlé, ìdí ike rẹ̀ sì máa ń kán. Ọmọdé kan tó bá tẹ bọ́tìnnì gíláàsì lẹ́yìn ọkọ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tí òòfà ò mú nìkan la lè tìtorí rẹ̀ rà á.

Páálí inú wínsíkírììnì dára fún ohun kan: ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń tò ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí mọ àwọn tó wà nínú ìtò. Lójú pópó, oòrùn tó ń tàn lára gíláàsì kì í jẹ́ kí wọ́n rí i kà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò sì ní rí nǹkan kan. Apá ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ni kó wà, kó má dí awakọ̀ lójú.

Ní ti iná, ọkọ̀ tó tan iná iwájú lọ́sàn-án kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ń tan iná ọ̀sán fúnra wọn. Iná ọ̀sán yẹn sì máa ń wà níwájú nìkan nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀yìn á ṣókùnkùn. Ẹ yí iná iwájú sí èyí tó rẹlẹ̀, kí ti ẹ̀yìn lè tàn pẹ̀lú. Àwọn tó ń tan tráfíkétọ̀ méjèèjì pọ̀ láti orí oríta dé itẹ́ òkú, wọn ò sì rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nígbà tí méjèèjì bá ń ṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò lè mọ apá ibi tí ẹ fẹ́ yà sí. Kí ẹ tó dé ráńdábáòtù, ẹ pa á, ẹ fi ọ̀kan hàn, ẹ yà, kí ẹ tó tún tan án. Òfin ilẹ̀ mìíràn ò sì gbà kí ọkọ̀ tó ń rìn tan án rárá.

Iná olómi ọsàn orí òrùlé la fún ní ipò kìíní, pàápàá fún ọkọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n ń rí i láti òkèèrè, nínú òjò àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má ra aláwọ̀ pupa tàbí búlúù: ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ti ọlọ́pàá, ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná nìyẹn.

Àsíá kò sọ ìtò di ọba ọ̀nà ṣá o. Ní ilẹ̀ mìíràn, tí ọkọ̀ iwájú bá ti wọ oríta nígbà tí iná wà ní àwọ̀ ewé, àwọn yòókù lè tẹ̀ lé e. Níbòmíràn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa dúró fún iná pupa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ojú pópó ṣáájú. Ọkọ̀ aláìsàn tó ń fọn fèrè ni kí ẹ yà fún níbi gbogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àsíá yìí, ẹ má kó sí àárín wọn, ẹ má fọn fèrè, ẹ sì rẹ ohùn rédíò sílẹ̀. Ìdúró yẹn kò pẹ́ bó ṣe ń rí lójú. Ogún ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 40, tí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá méjì wà láàárín wọn, á gùn tó nǹkan bíi mítà 540, ṣùgbọ́n kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan kí gbogbo wọn tó kọjá lójú yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ṣèèṣì há sí àárín, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ bá wọn lọ, kí ẹ yà kúrò ní oríta tó kàn. Lójú ọ̀nà eré, ẹ má dúró gbagidi nítorí ìtò tó wà ní òdìkejì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè kọ lù yín.

Fún ogún ọkọ̀, àsíá olóòfà mẹ́rìnlélógún tó, kí mẹ́rin wà ní ìpamọ́, pẹ̀lú iná olómi ọsàn méjì. Àwọ̀ àsíá ọkọ̀ ìkẹyìn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí wọ́n sì kọ “ÌKẸYÌN” sí i. Tí agbára ò bá ká gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ṣáájú, kí ẹ tó wá kan àárín. Ní ẹnu géètì itẹ́, kí ẹnì kan dúró gba gbogbo rẹ̀, kó kà á. Ọkọ̀ tó bá gbé àsíá padà sílé á máa dá àwọn ẹlòmíràn dúró lójú ọ̀nà lásán.