Ilẹ̀kùn tó kọ ìka ìyá ọkọ mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí lọ́ọ̀kì onítẹ̀ka yìí ṣe rí, kó lọ wo àwòrán rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Èmi ò ráyè ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Fúráìdè ló gbé mi débí.

Ìyá ọkọ mi ti Ìwó dé sí ilé wa ní Bódìjà ní aago 2 ọ̀sán. Mo wà níbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ọkọ mi wà l'Ékòó. Ọkàn mi balẹ̀, torí a ti gba ìtẹ̀ka wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn. Màmá gbé ìka lé e. Lọ́ọ̀kì han, obìnrin inú rẹ̀ sì sọ lédè òyìnbó pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá pè mí: "Ìyàwó, ta ni obìnrin tó ń dá mi lóhùn nínú ilé ọmọ mi?"

Mo ṣí áàpù lọ́ọ̀kì náà lórí fóònù mi kí n lè ṣílẹ̀kùn láti ọ́fíìsì. "Offline" ló kọ. NEPA ti mú iná lọ. Ohun tí ẹni tó tà á fún mi ò sọ nìyí: bátìrì 4 ló wà nínú lọ́ọ̀kì, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú NEPA, àmọ́ àpótí kékeré tó so ó mọ́ Wi-Fi, iná ara ògiri ló ń lò. Iná lọ, àpótí kú, Wi-Fi náà kú. Mo wá ń ka nọ́ńbà 6 tó ń ṣí i sí Màmá létí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ ṣì, títí lọ́ọ̀kì fi ti ara rẹ̀ pa. Kọ́kọ́rọ́ onírin tí wọ́n fún wa mọ́ ọn ńkọ́? Ó ń fì lórí ìṣó nílé ìdáná. Nínú ilé.

Mo pe iléeṣẹ́ lọ́ọ̀kì náà. Orin ni mo gbọ́ fún ìṣẹ́jú 11. Ọmọbìnrin tó wá gbé ìpè náà ní, "Mà, ṣé ọwọ́ Màmá mọ́?" Ọwọ́ ìyá ọkọ mi! Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Mo gun ọ̀kadà délé. Orí àpò gàrí ni mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn.

Irọ́ ni màá pa tí mo bá dánu dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ náà rán ọmọkùnrin kan wá. Kó tó wo lọ́ọ̀kì rárá, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ wọn sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé gàrí lẹ ń yan?" Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń yan án. Ó fi orí ìka wọn hàn mí: ilà ti pa rẹ́, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ó dán ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò; ọmọńdinrín ọwọ́ òsì nìkan ló gbà. Ó tún fún wọn ní káàdì kan tó ń ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n lè fi kọ́rùn, ó sì pa ohùn obìnrin yẹn. N ò mọ̀ pé ó ṣeé pa! Kò gba kọ́bọ̀.

A ti gbé àpótí yẹn àti Wi-Fi sórí ínfátà. Láti Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún púlọ́ńbà báyìí, mo sì ń rí ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ wọlé. Tí òjò bá pa mí dé, kì í gba ìka èmi náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Màmá ní òdo ló yẹ ẹ́. Káàdì wà lọ́rùn wọn, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kanlẹ̀kùn títí ẹnì kan á fi dìde.