Ọ̀gá tó ní kí n gbé pẹ́nì mi padà sílé: ṣọ́ọ̀bù owó àtijọ́ kan ní Houston

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹyọ kan tí mo yọ, ọmọ tó jókòó níwájú ló fà á, màá débẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi tó lọ lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn, láti 1974 ni wọ́n ti wà ní Houston, wọ́n wa táksí, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé epo, gbogbo pẹ́nì (ẹyọ owó sẹ́ǹtì kan ti Amẹ́ríkà) tó bá sì ṣẹ́kù sápò wọn tí wọ́n bá dé lálẹ́, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan ni wọ́n ń jù ú sí, wọn ò ná an, wọn ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìgbà tá a ń palẹ̀ gáràjì mọ́ la kan bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí lẹ́yìn táyà. Mo ní kí n gbé e báyìí, ọwọ́ rẹ̀ já, ẹ̀yìn mi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. A gbé e sórí òṣùwọ̀n tá a fi ń wọn ara wa, kílò 27.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mọ́mì, ìyá ìyàwó mi, ní ká lọ dà á sínú máṣíìnì tó ń ka ṣénjì ní súpámákẹ́ẹ̀tì kí gáràjì lè mọ́. Àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbà nìyẹn o, bàbà gidi, ẹ jẹ́ ká tà á ní kílò fáwọn tó ń ra irin àlòkù." Ìyàwó mi ní nǹkan tí bàbá òun fi ogójì ọdún kó jọ, kò sẹ́ni tó máa tà á. Èmi ọkọ ọmọ, àárín ni mo wà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé Amẹ́ríkà ti ṣíwọ́ ṣíṣe pẹ́nì, 12 November 2025 ni wọ́n tẹ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní Philadelphia, torí pé ẹyọ kan ṣoṣo ti ń ná ìjọba ní sẹ́ǹtì mẹ́ta ààbọ̀ ó lé kó tó jáde, bí WhatsApp ṣe gbóná nìyẹn, gbogbo èèyàn ń gbé fídíò kiri pé pẹ́nì tó wà lábẹ́ àga yín lè kọ́lé fún yín.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ti Mọ́mì ṣá. Mo bu 500 sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ síbi máṣíìnì. Dọ́là márùn-ún ni mo dà sí i, ìwé tó pọ̀ jáde fún mi ò pé dọ́là mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n ti yọ tiwọn. Ó há lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fi ọwọ́ gbá a, àwọn èèyàn ń wò mí. Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò wo ojú ìkankan nínú 500 yẹn kí n tó dà á sí i, títí dòní mo ṣì ń rò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi. Ibi kékeré ni, àárín ilé tẹ́lọ̀ àti ilé onígbàjámọ̀ ló wà, ilẹ̀kùn ò dédé ń ṣí, ẹ máa tẹ bẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó ṣí i fún yín látinú lọ́hùn-ún. Ọmọkùnrin tó wà níwájú wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kì í ra pàǹtí. Ìràwọ̀ kan lọ nìyẹn. Ẹ ò mọ ẹni tó ni ẹrù, ẹ ò mọ̀ bóyá òkú ló fi sílẹ̀, ẹ ti ń pè é ní pàǹtí! Mo ti ń yíjú padà ni bàbá òyìnbó tó ni ibẹ̀ jáde látinú yàrá ẹ̀yìn, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n gbé e wá sórí kántà.

Torí bàbá yìí ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sórí aṣọ àwọ̀ ewé, kò tíì wo ọdún ara ìkankan, ó kàn mú ẹyọ méjì, ó jẹ́ kí wọ́n já bọ́ sórí dígí kántà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ró gbiiiin bí agogo ọwọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì ní kọ̀, ó dákẹ́. Ó ní bàbà nìyẹn, síńkì nìyí. Ọdún 1982 ni wọ́n yí i padà, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ti àtijọ́ ló jẹ́ bàbà, tuntun jẹ́ síńkì tí wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Èyí tí wọ́n bá kọ 1981 sí tàbí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀, àfi 1943 tó jẹ́ irin, torí ogun ni wọ́n fi bàbà ṣe lọ́dún yẹn. Èyí tó bá jẹ́ 1983 sókè, ẹ gbàgbé ẹ̀. 1982 fúnra rẹ̀ ló ní wàhálà torí wọ́n ṣe méjèèjì lọ́dún kan náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n, ti bàbà jẹ́ gíráàmù 3.11, ti síńkì jẹ́ 2.5. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dọ́là mẹ́wàá torí èyí, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ẹ̀.

Mo wá bi í ní ìbéèrè àbúrò ìyàwó mi. Ó mi orí. Lóòótọ́, bàbà tó wà nínú pẹ́nì àtijọ́ kan níye lórí ju sẹ́ǹtì méjì lọ, àmọ́ láti ìparí 2006 ni ìjọba ti fòfin de yíyọ́ ẹ, ẹni tí wọ́n bá mú, owó ìtanràn lè tó 10,000 dọ́là, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Òfin náà kò tún gbà kéèyàn kó o ní rẹpẹtẹ jáde nílùú, kẹ́nikẹ́ni má lọ rò pé òun á fi bárẹ̀lì kó o ránṣẹ́ sílé fáwọn alágbẹ̀dẹ.

Mo ní ṣé kí n wá ṣa gbogbo ẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni? Ó bi mí pé èló ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan níbi iṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní tó bá jẹ́ torí owó ni, kí n lọ ṣe ofataìmù, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó wù mí láti jókòó ti àwọn ọmọ mi lálẹ́ ká máa wo ohun tí bàbá àgbà kó jọ, kí n ṣa á. Ó ní kí n kọ́kọ́ máa wo ẹ̀yìn, èyí tó bá ní ṣírí àlìkámà méjì, láàárín 1909 sí 1958 ni wọ́n ṣe é, òun lè san sẹ́ǹtì mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀kan hàn mí nínú páálí ike, 1909 tó ní S kékeré lábẹ́ ọdún àti lẹ́tà V.D.B. lẹ́yìn, ìyẹn ìkékúrú orúkọ ẹni tó ya àwòrán ẹ̀, 484,000 péré ni wọ́n ṣe nínú irú ẹ̀ ní San Francisco. Iye tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo kàn gbé ojú kúrò.

Alẹ́ mọ́kànlá la fi ṣa á. Òṣì ni. Ọwọ́ wa dúdú bíi ti mẹkáníìkì, gbogbo ilé ń rùn bí irin. A rí 212 tó ní àlìkámà, méjì 1943 tí màgínẹ́ẹ̀tì gbé sókè lójú àwọn ọmọ (ẹ má bi mí léèrè ariwo tí wọ́n pa), nǹkan bí 3,700 tó jẹ́ bàbà, tó kù sì jẹ́ síńkì. V.D.B. kankan ò sí ńbẹ̀ o.

Nísàlẹ̀ pátápátá la bá ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n ta ní kókó. Kọ́bọ̀ oníhò márùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Kọ́bọ̀ ilé! Èyí tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, tí ihò wà láàárín, tí wọ́n ń ná kó tó di pé náírà dé ní January 1973, tí ẹnu wa ti ń pè é ní kọ́bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó fi orúkọ náà sọ owó tuntun. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Èmi ní tèmi, mo ti rí EDWARDVS VIII, ìyẹn Edward Kẹjọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti 1936 lára ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ọba yẹn ò lò tó ọdún kan lórí oyè, orí mi ti ń gbóná, mo ti ń fi ọkàn ra mọ́tò. Ní Sátidé mo sáré padà lọ bá bàbá yìí. Ó fi dígí rẹ̀ wò ó, ó wo H kékeré tó wà lára ẹ̀, ó ní Birmingham ní England ni wọ́n ti ṣe é. Ó wá fọ̀rọ̀ tútù sọ fún mi pé ihò àárín yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n lè ya orí ọba sí i, orúkọ lásán ni wọ́n ń kọ, wọn ò sì dúró de àwòrán kankan, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ súà kí ọba tó fi oyè sílẹ̀ ní December. Ó ní òun lè fún mi ní dọ́là méjì, àmọ́ òun ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bi mí pé ta ló ni ín, mo sọ fún un, ó wá bọ́ ọ sínú páálí ike kékeré kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìkankan, pé ìdọ̀tí yẹn gan-an làwọn tó ń rà á ń fẹ́.

Báa ṣe parí ẹ̀: mo ta 150 nínú alálìkámà fún un, dọ́là mẹ́fà, ṣẹ́ẹ̀kì ló kọ, wọn kì í san káàṣì níbẹ̀, ẹ fi sọ́kàn. Tó kù nínú wọn àti bàbà gbogbo ti padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá, a ra èyí tó ní ọmọrí. Síńkì la wé ní àádọ́ta-àádọ́ta sínú bébà tí báńkì fún wa, ìdì 108, dọ́là 54, Mọ́mì gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní owó gáràjì ni.

Ẹ má lọ ní Mọ́ńdè, wọn kì í ṣí. Ẹ sì bu díẹ̀ lọ nínú ọ̀rá, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ibẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.