9800X3D, 9950X3D, 285K àbí 14900K: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ kówó lé?

Ẹ jẹ́ n yáa là á mọ́lẹ̀ kó tó gùn: tó bá jẹ́ géèmù nìkan lẹ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe, prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 7 9800X3D ti AMD ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn kiri. Tó bá jẹ́ fídíò lẹ fi ń jẹun, ìgbéyàwó lónìí, ìsìnkú lọ́la, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu lọ́tùn-únla, ẹ wo ọ̀dọ̀ Intel, Core Ultra 9 285K tàbí àbúrò ẹ̀ 265K. Ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tówó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni wọ́n ṣe 9950X3D fún. Core i9-14900K tẹ́ ẹ máa rí ní àlòkù, tí ẹni tó ń tà á á máa búra fún yín pé òun ò tíì lò ó pẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ́yìn, mo máa dé bẹ̀.

Nǹkan kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí: «èwo ló ní core jù?» Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú o. Core ni àwọn òṣìṣẹ́ inú prọ́sẹ́sọ̀. Tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n máa ń wúlò nígbà tí iṣẹ́ bá ṣeé pín sí wẹ́wẹ́, bíi kí Blender (ètò àwòrán 3D) máa ya àwòrán jáde tàbí kẹ́ ẹ máa compile kóòdù rẹpẹtẹ, ìyẹn kẹ́ ẹ sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Géèmù ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi core ṣe tó bá ti ju mẹ́jọ lọ. Ẹ lè fowó gọbọi ra core 24 kí ọmọ àdúgbò tó ra mẹ́jọ péré máa yìnbọn lù yín kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná. Thread ni iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, cache L3 ni ibi ìpamọ́ kékeré tó yá gan-an nínú ẹ̀, GHz ni eré ẹ̀, W ni iná tó ń jẹ. Iye tí mo kọ ni iye tí wọ́n fi gbé wọn jáde ní Amẹ́ríkà, owó orí ò sí níbẹ̀:

Ryzen 7 9800X3D: oṣù kọkànlá 2024, 479 dọ́là, core 8, thread 16, cache L3 96 MB, ó ń dé 5.2 GHz, 120 W lórí páálí
Ryzen 9 9950X3D: oṣù kẹta 2025, 699 dọ́là, core 16, thread 32, L3 128 MB, 5.7 GHz, 170 W
Core Ultra 9 285K: oṣù kẹwàá 2024, 589 dọ́là, core 24 (ńlá 8, kékeré 16), thread 24, L3 36 MB, 5.7 GHz, 125 W lórí páálí àmọ́ 250 W tó bá ń sáré
Core i9-14900K: oṣù kẹwàá 2023, 589 dọ́là, core 24 (ńlá 8, kékeré 16), thread 32, L3 36 MB, 6.0 GHz, 125 W lórí páálí, 253 W tó bá ń sáré

Ẹ má kàn sọ dọ́là yẹn di CFA kẹ́ ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí. TVA (owó orí ọjà) wa níbí 18% ni, douane (àwọn aṣọ́bodè) ò ní í wò yín níran, ẹni tó ń bá yín gbé e bọ̀ náà á sì jẹun. Èmi fẹ́ràn kí n máa wo iye tí wọ́n ń tà á ní Faransé, torí TVA tiwọn ti wà nínú iye tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yúróò sì dúró sójú kan sí owó wa, 655.957 CFA ni yúróò kan, kì í lọ kì í bọ̀. Àwọn kan ń gbà á láti Ìkẹjà, wọ́n á gba ẹnu ibodè Ìgólò wọlé. Ìyẹn náà dáa, àmọ́ náírà kì í dúró, iye tí wọ́n sọ fún yín láàárọ̀ lè má jẹ́ òun lẹ máa bá lálẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ géèmù. Cache ni gbogbo àṣírí 9800X3D. Ryzen mẹ́jọ-core lásán, 9700X, L3 32 MB ló ní, èyí sì ní 96. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ tí ata, iyọ̀ àti epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ẹ̀ ò ní í máa dìde lọ sí yàrá ní gbogbo ìgbà, ọbẹ̀ ẹ̀ á sì tètè jinná ju ti ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù ú lọ tó kàn ń rìn lọ rìn bọ̀. RAM ni yàrá yẹn, cache ni ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ìdí nìyí tí 14900K tó ń dé 6.0 GHz fi ń jẹ eruku lẹ́yìn èyí tí ò kọjá 5.2, pàápàá nínú géèmù bíi Counter-Strike 2 àti Microsoft Flight Simulator. Ohun tó tún dáa lára 9800X3D ni pé nínú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, 7800X3D tó jáde ní oṣù kẹrin 2023, orí core ni wọ́n gbé cache yẹn lé, ooru ò wá ríbi gbà jáde dáadáa, wọ́n sì ti overclock (kéèyàn máa sá a ju eré tí wọ́n dá fún un lọ) pa. Nínú 9800X3D wọ́n gbé e sí abẹ́, core bọ́ sókè síbi tí ẹ̀rọ tútù ti ń kàn án, wọ́n sì ṣí overclock sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù.

285K ńkọ́? Nígbà tó jáde, ojú ti àwọn tó ń retí ẹ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ géèmù kò tilẹ̀ tó 14900K tó ṣáájú ẹ̀. Intel fúnra wọn gbà pé bó ṣe jáde yẹn ò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n sì ti tún nǹkan ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì lè bá àwọn X3D, ìyẹn Ryzen oní-cache ńlá, du ipò géèmù.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o. Gbogbo ìyàtọ̀ yìí hàn jù lórí ojú kọ̀ǹpútà 1080p, èyí tí àwòrán ẹ̀ ò tó ti 4K. Tẹ́ ẹ bá ní ojú kọ̀ǹpútà 4K, carte graphique ni gbogbo ẹrù wà lórí ẹ̀, prọ́sẹ́sọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe bákan náà. Ẹni tó wá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù FC nìkan lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń gbá ní ìrọ̀lẹ́ sátidé, ẹ jọ̀ọ́, kò sí èyí tó kàn yín nínú mẹ́rin yìí, Ryzen 5 ti tó yín, ẹ fi ìyókù ra nǹkan míì tó wúlò.

Ní ti iṣẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó ń fi Sony tàbí Canon ya fídíò ní H.265 4:2:2 10-bit (fídíò tí wọ́n fún pọ̀ gan-an, tí àwọ̀ inú ẹ̀ sì pọ̀), tó wá ń gé e nínú Premiere, mọ ìyà tí mò ń sọ: fídíò á máa fà, á máa dúró, kọ̀ǹpútà á máa hu bíi pé ó fẹ́ fò. Intel ní Quick Sync nínú káàdì kékeré tó wà lára prọ́sẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn ń ka irú fáìlì yẹn tààrà. Káàdì kékeré tó wà lára Ryzen ò lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti ní carte graphique RTX 50 ti NVIDIA, òun náà ń ka 4:2:2, ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun tó mú yín lọ sọ́dọ̀ Intel ti dín kù. Tẹ́ ò bá ní in, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye core tàn yín.

Fún Blender, kóòdù àti àwọn iṣẹ́ tó ń gba gbogbo core, 9950X3D àti 285K jọ ń lé ara wọn ni. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe géèmù rárá ò nílò X3D, 9950X tó jáde ní oṣù kẹjọ 2024 ní 649 dọ́là ní core 16 kan náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣiṣẹ́ kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya àwòrán ilé, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa: SketchUp àti AutoCAD, core kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò jù nígbà tẹ́ ẹ bá ń yàwòrán lọ́wọ́, nítorí náà core 16 á kàn jókòó máa wo ojú yín.

9950X3D ní àrékérekè tiẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni core 16 yẹn pín sí, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀yà méjèèjì ló ní cache ńlá. Windows gbọ́dọ̀ mọ̀ pé géèmù lẹ ṣí kó tó darí ẹ̀ síbi tí cache wà, chipset driver (ètò AMD fún carte mère) àti Game Bar (ètò géèmù inú Windows) ló sì ń bá a ṣe é. Tẹ́ ẹ bá yọ Game Bar dànù torí pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀, géèmù lè lọ jókòó síbi tí kò yẹ, ẹ̀yin á sì máa bi ara yín pé kí lowó náà wà fún. Ẹni tí ò fẹ́ wàhálà, 9800X3D ò ní irú ẹ̀.

Wàyí o, iná. Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jà. Ẹ rí i, 14900K lè gba 253 W, RTX 5080 360 W, ìyẹn ti ju 600 lọ, a ò tíì ka fáànù, ojú kọ̀ǹpútà àti nǹkan yòókù. Onduleur (UPS) 650 VA tẹ́ ẹ rà nígbà tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà kékeré, VA kọ́ ni watt, kì í sábà ju nǹkan bíi 400 W lọ, lọ́jọ́ tí SBEE (ilé iṣẹ́ iná wa) bá mú iná nígbà tẹ́ ẹ wà láàárín iṣẹ́, òun àti kọ̀ǹpútà á jọ kú pọ̀ ni, fáìlì fídíò tẹ́ ẹ̀ ń yọ jáde á sì bàjẹ́. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá sine wave gidi (iná tó ń lọ geere bíi ti SBEE) ló ń gbé jáde, torí àwọn alimentation tuntun tó ní PFC (ohun tó ń tún bí wọ́n ṣe ń fa iná ṣe), àwọn míì nínú wọn máa ń paná tí onduleur olówó pọ́ọ́kú bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ SBEE. 9800X3D ní tiẹ̀, nínú géèmù kì í sábà kọjá 100 W, ìyàtọ̀ yẹn ń hàn lórí bíll, ó ń hàn nínú yàrá náà.

Nínú yàrá náà ni mo sọ. Ẹni tó ń gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí ooru ṣe ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí ò bá sí clim, gbogbo watt tí prọ́sẹ́sọ̀ jẹ, inú yàrá yín ló ń pọ̀ ọ́ sí. 285K àti 14900K fẹ́ ẹ̀rọ ìtutù olómi 360 mm kí wọ́n tó lè sáré dé òpin láìdẹwọ́ fúnra wọn, 14900K á dẹwọ́ tó bá dé 100°C, 285K ní 105, Ryzen méjèèjì ní 95. 9800X3D á gba ẹ̀rọ atẹ́gùn tó dáa, ìyẹn sì wù mí ju olómi lọ níbi tá a wà yìí, torí tí fáànù bá kú ẹ máa rí fáànù rà ní Ọ̀wàǹdó, ta ló máa bá yín wá pump? Ti ọyẹ́ àti eruku pupa Kétu, ẹ ra boîtier tó ní filter, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́.

14900K tí mo ní mo máa dé bẹ̀ nìyí. Intel ìran 13 àti 14 tó lágbára ní àìsàn kan, wọ́n máa ń béèrè voltage tó pọ̀ jù, á máa jẹ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀ títí géèmù á fi máa já, tí Windows á máa kú. Intel gbé microcode 0x129 (àtúnṣe tó ń wọlé láti inú BIOS, ètò àkọ́kọ́ tó ń tan kọ̀ǹpútà) jáde ní oṣù kẹjọ 2024, 0x12B tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún garantie. Microcode ń dá àìsàn yẹn dúró, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ ra àlòkù ẹ̀ nìyẹn, ẹ ò lè fojú rí i bóyá ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ tún BIOS ṣe àbí kò ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè gbà fún, ẹni tó ti ní carte mère LGA1700 (ibi tí 14900K ń jókòó sí) àti RAM DDR4 tó dáa nílé, tó sì rí tuntun nínú páálí pẹ̀lú facture.

Ẹ ṣírò carte mère náà mọ́ ọn. AM5, ibi tí Ryzen ń jókòó sí lórí carte mère, ti wà láti 2022, AMD sì ti sọ pé àwọn á máa gbé prọ́sẹ́sọ̀ jáde fún un títí 2027 ó kéré tán, ìyẹn ni pé lọ́la ẹ lè yọ eléyìí kẹ́ ẹ fi òmíràn síbẹ̀. Intel ti fi LGA1700 sílẹ̀, LGA1851 ni 285K ń jókòó sí. Àwọn mẹ́ta tó kù yàtọ̀ sí 14900K, DDR5 nìkan ni wọ́n ń gbà, owó RAM sì ti fò sókè láti ìparí 2025, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Lórí AM5, ẹ ra DDR5-6000, igi méjì, ẹ má ra mẹ́rin, torí mẹ́rin á fa eré ẹ̀ wálẹ̀.

Tówó ò bá wá tó, 7800X3D ṣì ń ṣe géèmù dáadáa. Fún ẹni tó ń gé fídíò, èmi ò tilẹ̀ ní í ra 285K. Core Ultra 7 265K jáde ní 394 dọ́là, core 20, Quick Sync kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti tó san apá kan onduleur tó dáa.