Máṣíìnì flex ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 lẹ́yìn oṣù 14 ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn: ẹ má tíì pààrọ̀ hẹ́ẹ̀dì

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá wa ò kọlà o."

Bí obìnrin tó wá gba bánà òkú ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò pariwo, kò bú mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì tí mo fi ń tẹ àwòrán sórí flex, ọ̀rá nínípọn tí a fi ń ṣe bánà, ó ń wo àwòrán náà bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀. Gèlè ti jáde, ó dùn ún wò. Ìgbà tó kan iwájú orí ni ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á já láti etí dé etí, òmíràn tẹ̀lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀kẹta ní àgbọ̀n, bí ẹni pé olóòlà gbé abẹ sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ sin màmá. Mo sáré gbé iṣẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi kan, mo fi owó ara mi tẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú máṣíìnì yìí, tàbí tó ti rà á tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni fífẹ̀ rẹ̀, íńkì eco-solvent, èyí tí kẹ́míkà inú rẹ̀ kò le púpọ̀, ló ń mu. Hẹ́ẹ̀dì 2, ìyẹn ẹnu tó ń tu íńkì jáde, ló wà nínú rẹ̀. China ni wọ́n ti ṣe é, Èkó ni mo ti rà á ní tuntun. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí irú rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára nìkan ló yàtọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń jinlẹ̀, kì í ta èèyàn nímú bíi solvent gidi, bánà tí mo sì so síta ṣọ́ọ̀bù láti oṣù àkọ́kọ́ kò tíì ṣá nínú òòrùn.

Ẹnjiníà tí mo kọ́kọ́ pè kò tíì jókòó tó fi ní hẹ́ẹ̀dì ti kú. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń sọ náà nìyẹn: ìlà bá ti yọ, hẹ́ẹ̀dì ni. Mo kó owó àjọ mi, mo ra hẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìlà padà dé. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹni tó yọ mí ni bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún máṣíìnì flex ṣe tipẹ́. Kò fọwọ́ kan hẹ́ẹ̀dì rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò tíì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é." Ó ní kí n tẹ nozzle check, àwọn ìlà kéékèèké tí máṣíìnì máa ń tẹ̀ bí àtẹ̀gùn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: dúdú, cyan tó jọ búlúù, magenta tó jọ pupa, yẹ́lò. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ihò kan lẹ́nu hẹ́ẹ̀dì. Cyan ní àlàfo bíi méje. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí, àmọ́ ó ní kí n tún un tẹ̀, kí n sì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó fi bírò yí àwọn àlàfo náà ká. Wọn ò sí lójú kan náà. Ó ní tí àlàfo bá dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mẹta, ihò yẹn ló dí tàbí tó kú. Tó bá ń rìn kiri, ihò ò jẹ̀bi. Íńkì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé, afẹ́fẹ́ ti ráàyè wọlé níbì kan.

Ibi tó gbà wọlé ni capping, ìjókòó rọ́bà tí hẹ́ẹ̀dì máa ń fẹnu lé nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí íńkì gbẹ mọ́ hẹ́ẹ̀dì lẹ́nu, ibẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa íńkì tí a bá ń fọ̀ ọ́. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Etí rọ́bà náà ti wọ́, íńkì gbígbẹ ti ṣù sí igun kan bí èépá ẹ̀kọ létí ìkòkò. Ó da omi tí a fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì kún un, ó ní kí n tan pọ́ǹpù. Omi náà lọ. Pọ́ǹpù ń fà dáadáa nìyẹn, rọ́bà ni kò dé hẹ́ẹ̀dì lẹ́nu pinpin mọ́. Owó capping tuntun kò súnmọ́ owó hẹ́ẹ̀dì níbi kankan. A fi í sí i, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nozzle check jáde pérépéré. Ká ní ẹnjiníà àkọ́kọ́ ṣe ìdá kan nínú èyí ni, owó àjọ mi ì bá wà lọ́wọ́ mi.

Iná tí wọ́n ń mú ṣáá ló ba rọ́bà náà jẹ́. Tí wọ́n bá mú iná níbi tí máṣíìnì ti ń tẹ̀wé, orí flex ni hẹ́ẹ̀dì máa dúró sí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ mi tó ra epo dé, kó tó fa jẹnẹrétọ̀, íńkì ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Íńkì gbígbẹ yẹn ni hẹ́ẹ̀dì sì ń kó lọ bá rọ́bà nígbà tó bá padà jókòó lé e. Mo ti ra UPS báyìí, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ tí wọ́n bá mú iná. Kò lágbára láti tẹ bánà parí, ó kàn ń jẹ́ kí hẹ́ẹ̀dì padà sórí capping ni. Wáyà 2 ni máṣíìnì tèmi ní, ọ̀kan fún ìtẹ̀wé, ọ̀kan fún híítà tó ń mú íńkì gbẹ. Ti ìtẹ̀wé nìkan ni mo so mọ́ UPS, torí híítà máa ń jẹ iná gan-an.

Gbogbo ìlà kọ́ ni capping máa ń fà o. Tí nozzle check bá pé, tí ìlà ṣì ń jáde, tí àyè àárín wọn sì dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo bí flex ṣe ń rìn. Bó bá rìn jù, ìlà á funfun. Bí kò bá rìn tó, iṣẹ́ á gun ara wọn, ìlà á ṣókùnkùn. Mo máa ń tún ìrìn yẹn ṣe nígbàkigbà tí mo bá kúrò lórí flex bọ́ sórí SAV, ọ̀rá tó ń lẹ̀ bíi sítíkà, torí wọn ò nípọn bákan náà. Lẹ́tà kéékèèké tó bá ní òjìji, àlọ àti àbọ̀ hẹ́ẹ̀dì ni kò bára mu, ìyẹn ò le. Ní ti íńkì, ẹ má ṣe da ti ilé-iṣẹ́ kan lé ti òmíràn. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí owó pọ́ọ́kú, ó dì nínú dámpà, àpò kékeré tí íńkì ń gbà kọjá kó tó dé hẹ́ẹ̀dì.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, tí ọyẹ́ bá ti mú, etí lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wúruwùru, bí ẹni fọ́n íńkì sí i. Irin máṣíìnì pàápàá á máa ta wá lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí a ri irin earthing mọ́, irin tó ń gbé iná tó bá kóra jọ sára máṣíìnì wọlẹ̀, ló ti gbẹ. Mo máa ń da omi oníyọ̀ sí ìdí irin náà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí òjò á fi dé, mo sì ń fi omi nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.

Obìnrin yẹn padà wá fún bánà ìrántí ọdún kan. 8 pass ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé hẹ́ẹ̀dì ń kọjá lórí ibì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó pẹ́ kó tó parí. Ojú màmá mọ́ tónítóní.

Màá tún un rà, àmọ́ mi ò ní gbà á bí mo ṣe gbà á nígbà yẹn. Rọ́bà tó bá a wá kò nípọn, ìwé ìlànà rẹ̀ kò ṣeé kà, ẹni tó tà á fún mi kò sì gbé fóònù mọ́ lẹ́yìn oṣù kẹta. Tí ẹ bá ń lọ sí Èkó, ẹ ní kí wọ́n fi capping 2 àti dámpà kún un kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ nozzle check lẹ́ẹ̀mẹta lójú yín.