Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí mo tẹ́ sílé adìẹ mi: ohun tí ojú mi rí

Bàrígà ni mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà ni mo sì ti ń sin adìẹ mẹ́jọ. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, irú èyí táwọn èèyàn ń tẹ́ sí pálọ̀, ló wà nílẹ̀ ilé wọn báyìí. Ó ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ má tíì lọ rà á o, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó ti dùn mí.

Ilẹ̀ lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ilẹ̀ náà ò gbẹ mọ́. Òròmọdìẹ márùn-ún ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Dókítà ẹranko ní àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní coccidiosis ni, pé inú ìgbẹ́ wọn ni ẹyin kòkòrò tó ń fà á máa ń wà, pé tí ilẹ̀ bá ti lọ́rinrin tó sì móoru, ọjọ́ kan sí méjì ti tó fún un láti dèyí tó lè ran adìẹ mìíì.

Mo bẹ bàbá onílé pé kí wọ́n jẹ́ kí n da kọnkéré síbẹ̀, wọ́n kọ̀. Ilé wọn ni. Mo wá tẹ́ pákó. Pákó ń fa omi ìgbẹ́ mu, òórùn rẹ̀ ń ta èèyàn lójú, yọ̀rọ̀ sì kún àlàfo rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé lókè pè mí: “Ọmọ mi, adìẹ rẹ ò jẹ́ ká lè ṣí fèrèsé mọ́ o.” Ó dùn mí, torí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nítòsí Oyíngbò ni mo ti ra kápẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Ilé adìẹ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìwọ̀n odindi plywood kan. Kápẹ́ńtà tẹ́ ẹ lé plywood náà, ó gé etí rẹ̀ síbi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn án níṣòó yíká. Ó rẹwà lójú. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó wú sókè níbi tí omi mímu wọn máa ń wà. Nígbà tí mo ká a, plywood ti dúdú, ó ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ìdin sì ń rìn káàkiri. Gbogbo omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ló ń gba ojú ìṣó àti etí wọlé. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà tún jẹ́ olówùú, ńṣe ló ń mumi.

Èyí tí mo tẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni mò ń yìn. Ó nípọn, rọ́bà ni lókè àti nísàlẹ̀. A ò kan ìṣó kankan mọ́ ọn nílẹ̀. A jẹ́ kó gun ògiri ní ínṣì mẹ́fà yíká ká tó kàn án, a sì fi gọ́ọ̀mù silicone tí omi ò lè gbà kọjá dí gbogbo igun. A gbé ẹ̀yìn ilé náà ga díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn wá síwájú.

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń kó èérún pákó tí mo dà sórí rẹ̀ kúrò, màá da omi ọṣẹ sí i, màá sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ ọn á ṣí kúrò bí ìgbà téèyàn ń bó ẹyin sísè. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti ṣe tán. Nígbà pákó, ọ̀bẹ ni mo fi ń họ ọ́ títí oòrùn á fi mú. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó da èérún tuntun sí i.

Ẹ má kó òròmọdìẹ sórí rẹ̀ lásán. Ó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú tèmi yà sọ́tùn-ún sósì, kò lè dìde. Mo fi báńdééjì so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó rìn.

Ẹni tó bá ń gbénú ilé ara rẹ̀, kó da kọnkéré tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn lágbára jù ú lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń ya nínú tèmi báyìí, níbi tí àkùkọ ti máa ń walẹ̀ láràárọ̀. Mo ti gé ègé kan lé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.