Àwọn Oníkánópì Tó Fi Ẹ̀rọ Wẹ Ìyá Mi ní Páàkì

Gèlè ìyá mi ló mú mi kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí mi ò ní owó lọ́yà, àmọ́ ẹni tó bá ń háyà kánópì, àga àti fáànù ní Houston níbí á mọ irú wọn.

Ta ni kò mọ oṣù kẹjọ ní Houston? Ní 2023, ooru ìlú yìí gun 109 Fahrenheit, ibi tó gùn dé ní 2000 náà nìyẹn, kò sì tíì kọjá ibẹ̀ rí. Màámi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní ooru ilé máa ń jẹ́ kéèyàn mí, tibí kì í jẹ́. Nígbà tí àwa àti ẹbí méjì mìíràn wá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì kan ní Missouri City, ìlú kan nítòsí Houston níbí, mo pe àwọn oníkánópì. Fáànù lásán ni mo fẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n fi fáànù sílẹ̀, pé àwọn ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn pọ̀ mọ́ omi, pé AC ìta gbangba ni. Owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti fáànù. Mo bi í pé ṣé kò ní rin wá lára.

“Rárá mà. Ìrì lásán ni.”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la jọ fẹnu kò sí, ká lè ti jókòó kí oòrùn tó le. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹrù dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Màámi kí i, kò dáhùn, nǹkan ló kì bọ etí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìkíni ṣe rí lọ́dọ̀ ìyá Ìbàdàn. Ó na kánópì sínú oòrùn gangan, igi óòkù ńlá kan sì wà nítòsí tí òjìji rẹ̀ tutù. Mo ní kó sún un sábẹ́ igi, ó ní ibi tí wọ́n kọ sínú ìwé òun nìyẹn. Ó ta aṣọ kánópì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, ó wá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn wa gẹ́lẹ́. (Mo kúrò ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ tún bá mi dé Texas.) Ó tan ẹ̀rọ, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Kí n má parọ́, ó kọ́kọ́ dùn. Àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń la ẹnu gba omi. Kò pẹ́ tí léèsì fi lẹ̀ mọ́ wa lára, tí páálí tí a fẹ́ fi jẹun rọ̀, tí gèlè Màámi tó le gbagidi látàárọ̀ wá wó bí ewúro tí wọ́n fọ̀.

“Ta ló ń wọ́n omi sí mi lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi jáde nínú balùwẹ̀ yìí.”

Mo pe ilé-iṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn bi mí bóyá mo tan án dáadáa. Ó fi orin sí mi létí. Ọ̀gá rẹ̀ wá gbé fóònù, ó ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, torí òótọ́ ni! Ó ní kò sẹ́ni tó lè wá àfi tí aago méjì bá lù. Aago méjì, tí oòrùn ti gbé àwọn ọmọ mì? Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn ní tí ooru bá ti kọjá 90, oúnjẹ tó lè bàjẹ́ ò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí kan lọ. Ẹran àti mọ́ínmọ́ín la sáré kó padà sínú kúlà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí sí ọ̀gá yẹn.

Ibi tí a ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ ni bàbá kan ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Àga ló wá kó lọ́dọ̀ àwọn mìíràn nínú páàkì yẹn, ó kàn rí wa ni. Ó ṣí fìlà, Màámi ló kọ́kọ́ kí. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, kò bá mi jiyàn. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó rì í sómi, ó fi kọ́ iwájú ẹ̀rọ náà. Ó ní kí a máa wò ó. Kò gbẹ. Ó ní bí aṣọ yìí ò ṣe gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn ara wa ò ní gbẹ. Òun ti lo irú ẹ̀rọ yìí ní Phoenix, Arizona, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ táútáú: omi á fò lọ, á sì gbé ooru lọ. Afẹ́fẹ́ Houston ti mu omi yó láti inú òkun Gulf tó wà nítòsí, kò sáyè fún òmíràn.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó gbé fáànù ńlá méjì jáde nínú ọkọ̀, ó pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá bá òun di ẹsẹ̀ kánópì mú, a sì sún un sábẹ́ óòkù. Ó ká aṣọ ẹ̀gbẹ́ sókè, ó dojú fáànù kọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kó má baà bá a jà, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, nítorí èéfín. Ara wa balẹ̀. Màámi sùn lórí àga. Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mọ́ínmọ́ín ló gbà, ó sì tún padà wá béèrè òmíràn. Irú òṣìṣẹ́ báyìí ló yẹ kó máa gbé fóònù níbẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé wọ́n ti yọ 60 dọ́là nínú káàdì mi. Owó pàṣípààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ní. “Ti àkọ́kọ́ ò bàjẹ́ mà.” Ọmọbìnrin yẹn náà ni. Mo pariwo títí wọ́n fi dá ìdajì padà, ìdajì tó kù ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní orí mi ò pé. Mo ti san àsansílẹ̀ fún Labour Day ti Amẹ́ríkà, ti oṣù kẹsàn-án, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé fáànù gbígbẹ la fẹ́, àti pé bàbá yẹn ni kí wọ́n rán.