Mo fi oṣù méjì kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣàpèjúwe Ère Òmìnira

Ọkọ̀ ojú omi Staten Island ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Manhattan. Ọ̀fẹ́ ni, bí ìṣẹ́jú 25 ló ń gbà, Ère Òmìnira ("Statue of Liberty" ti New York) sì wà níbẹ̀ tó ń wò wá bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀. Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú kò lè jáde mọ́. Bí mo bá ti wọlé, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni mo rí lójú ọ̀nà. Màá ní, "Big woman. Green." Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní kí n máa bá a lọ, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu mi. Èmi tí wọ́n ń bẹ̀ kí n dákẹ́ nílé l'Ọ́yọ̀ọ́! Ìyẹn ló jẹ́ kí n san dọ́là 12 lóṣù fún ẹ̀kọ́ orí fóònù yìí.

Àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ibi tí ẹ bá fi ìka kàn lára ère náà, á pe orúkọ rẹ̀ sí yín létí. Mo kan ọwọ́ ọ̀tún, ó ní "torch". Háà, tọ́ọ̀ṣì tí à ń ki bátìrì sí nílé? Ògùṣọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí o. Tọ́ọ̀ṣì tiwa, "flashlight" ni. Mo kan ọwọ́ òsì, ó ní "tablet". Mo rò pé oògùn ẹ̀fọ́rí ni. Àṣé wàláà ni, bíi ti ilé kéú gan-an, wọ́n wá kọ ọjọ́ tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira, 4 July 1776, sí i lára pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn ará Róòmù.

"Shackles" lèmi ò lè gbàgbé. Èèyàn ò lè rí i láti inú ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà fi ẹsẹ̀ ère hàn kedere: ẹ̀wọ̀n tó ti já ló wà níbẹ̀. "Shackles", ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, àfi bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn. Mo wá pè é sínú fóònù kó gbọ́, ó ní "chuckles" ni mo pè. Ìgbà mọ́kànlá! Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó yé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ẹ̀rọ agbọ́hùn yẹn kúrò.

"Unveil" náà dùn mọ́ mi. Ṣíṣí aṣọ lójú eégún ni, tiwọn sì ní aṣọ lóòótọ́: ní 28 October 1886, àsíá Faransé ni wọ́n fi bo ojú ère náà, Bartholdi tó ṣe é sì ti ṣí i kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó parí. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ "patina". Bàbà ni awọ ère yẹn (bàbà o, kì í ṣe bàbá), kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2.4 lọ. Ó pọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Afẹ́fẹ́ àti omi ló sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, ewé tó bò ó lára yẹn ni "patina".

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Ẹ̀kọ́ náà kọ ọ́ pé "The statue is 93 metres tall." Mo há a sórí, mo lọ kà á fún bàbá bí ẹni ń kéwì. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ère fúnra rẹ̀ jẹ́ mítà 46 láti gìgísẹ̀ dé orí ògùṣọ̀. Òkúta tó dúró lé, "pedestal", àti ìpìlẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ ọn tó fi di 93. "Statue" ni ère, "monument" ni gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀rọ̀ lẹ ń tà fún mi, ẹ sì ń fi ọ̀kan pe èkejì?

Wọn ò tún mẹ́nu kan "it" àti "she" rárá. "Ó" kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu tiwa, kò sì dí wa lọ́wọ́. "It" ni ẹ̀kọ́ yìí ń pe ère náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ "she" ni bàbá ń pè é, "she" náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń wọ ọkọ̀. Bàbá náà ló kọ́ mi ní "she stands on" àti "in her right hand", àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tó ń so gbólóhùn pọ̀. Orúkọ nǹkan nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí kó jọ bí ẹni kó ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ láìfún wa lókùn.

Ní báyìí, mo lè sọ̀rọ̀ ère yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, bàbá ló máa ń ní ó tó, kí n gbé tíì wá.

Lóṣù kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ owó mi. Mo kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó fèsì pé àwọn ń wò ó. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí dọ́là 12 mi bá wọlé, màá wá fi ẹ̀kẹrin kún un.